Bí A Ṣe Ń Mú Kí Ilé Onípáànù Tutù Láìtan Jẹnẹrétọ̀

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri yàrá tí ẹ ń sùn, ní apá ibi tí oòrùn ń wọ̀. Ní àdúgbò wa ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, bí oṣù kẹta bá dé, ògiri tèmi ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ti wọ̀ láti bíi wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ti mu ooru yó lọ́sàn-án, ara ẹni tó ń sùn ló wá ń bì í lé.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ wá ibi tí ooru ń gbà wọlé. Ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ gun àpótí, kí ẹ na ọwọ́ sókè sún mọ́ àjà. Bí ooru bá ń bà yín lọ́wọ́ láti òkè, òrùlé ni. Bó bá jẹ́ ògiri ìwọ̀-oòrùn ló gbóná ní ìrọ̀lẹ́, ògiri ni. Bí kò bá sí èyí tó gbóná nínú méjèèjì, tí ẹ sì ń làágùn síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni kò rọ́nà kọjá.

Òrùlé ni kí owó kọ́kọ́ lọ

Òrùlé ló ń rí oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ilé tí kò bá ní àjà, ẹ ṣe àjà sí i kí ẹ tó ra fáànù kejì. Kí káfíńtà lu ihò sí abẹ́ etí òrùlé ní ìhà méjì tó kọjú síra, kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá láàárín àjà àti páànù, kí ó sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí i nítorí àdán àti eku. Ooru tí kò bá ríbi jáde lókè, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà funfun. Páànù tó ti dípẹtà ń gba oòrùn sára. Funfun ń dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà sókè. Ẹ ha ìpẹtà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹni tó bá ń gbe omi òjò mu láti orí òrùlé, kí ó rí i dájú pé ọ̀dà náà kò ní òjé nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí: bí àjà ilé yín bá jẹ́ asbestos ti àtijọ́, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má sì fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ tí ojú kò rí ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí kò bá tíì ya, ẹ kùn ún, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ó sì jáde

Yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo kò lè mí. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà lu ihò sókè ní ògiri òdìkejì, tàbí lókè ẹnu ọ̀nà, torí òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń lọ. Fèrèsé tí wọ́n ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wu ènìyàn, àmọ́ ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Lúfà àtijọ́ ń gba afẹ́fẹ́ jù ú lọ. Ẹ máa fọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, eruku ọyẹ́ máa ń dí i pa. Bí ẹ bá sún kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹ rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri ti hu dúdú, ọ̀rinrin ló fà á, ó sì lè máa dá kún ikọ́ ọmọ yín.

Ìbòòji

Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ yìí lójú, kí ó lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé láti Ísírẹ́lì tó ṣètò ọgbà náà ní àwọn ọdún 1960, ṣe ilé Humanities lọ́nà tí àjà òkè kọ̀ọ̀kan fi yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ dúró lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan: òkè ló ń ṣíji bo ìsàlẹ̀. Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú ògiri amọ̀ tó nípọn àti agbo ilé tó yí àgbàlá ká. Ní ilé tiyín, fàráńdà tàbí igi kan ní ìwọ̀-oòrùn ti tó, igi màngòrò tàbí dóńgóyárò, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ìpìlẹ̀.

Ẹ má da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ọgbà. Ó ń mú ooru dúró títí di òru, kì í sì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun kí sìmẹ́ǹtì tó jáde. Òkúta yẹn àti iná tí wọ́n fi ń sun ún ń tú carbon dioxide, èéfín tó ń mú ayé gbóná, sáfẹ́fẹ́, nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gbogbo èyí tí ọmọ aráyé ń tú. Ibi tí koríko bá lè hù, ẹ jẹ́ kí ó hù.

Èéfín

Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé yàrá àbúrò mi, nítorí olè. Orí ń fọ́ ọ láràárọ̀, a ń ra oògùn ibà. Ìgbà tí a gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà ni orí fífọ́ náà dáwọ́ dúró, ó sì ń dùn mí títí di òní pé mi ò tètè mọ̀. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni tó bá ń sùn lè má jí mọ́. Ó kéré tán, kí ẹ̀rọ náà jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síta. Ti ìdáná náà kò kéré: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín inú ilé pa bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020. Ẹni tó ń dáná igi, kí ó gbé ìdáná síta, lábẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé

Kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú gba ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìkẹ́rùsí wà ní ìwọ̀-oòrùn, kí yàrá ibùsùn má baà sí níbẹ̀. Kí bíríkìlà tó fa okùn, ẹ lọ sórí ilẹ̀ náà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì jọ wo ibi tí òjìji wọn na ọwọ́ sí.