Bí a ṣe ń tún àpò wa ṣe kí ìdìbò Ààrẹ tó dé

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìyá kan tó ń lọ ata ní àdúgbò wa n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́wàá lọ sílé epo. Owó tó dì mọ́ ìdí aṣọ ni iye tó máa ń kún kẹ́ẹ̀gì náà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò rí ju lítà mẹ́rin gbé bọ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì gbà wá láti yá owó. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bi mí pé, "Akọ̀wé wa, ṣé ìbò tí a dì lóṣù kejì yẹn ló wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ata yìí?"

Mo ní òun náà ni. Ìbéèrè rẹ̀ dùn mí, torí pé a lè ti múra sílẹ̀ ká ní a mọ ibi tó yẹ ká wò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín. Ìdìbò 2027 ló kàn báyìí, ẹni yòówù kí ẹ fẹ́ dìbò fún, ètò yìí kan yín.

Ẹ kọ ìnáwó yín sílẹ̀

Ẹ wá ìwé ọmọléèwé kan. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ kọ gbogbo ohun tí owó yín ń bá lọ: oúnjẹ, ọkọ̀, owó iléèwé, gáàsì, oògùn, gbèsè, àjọ. Ẹ má fojú dá a. Ẹ kọ ọ́ lálaalẹ́. Tí oṣù bá pé, ẹ fi lẹ́tà kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. E ni èyí tó bá epo rìn. D ni èyí tó bá dọ́là rìn. L ni èyí tó bá èlé báńkì rìn. J ni èyí tó ń ti ọwọ́ ìjọba wá tàbí tó ń lọ síbẹ̀: owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì, owó orí. Ọ̀nà mẹ́rin yìí ni ọwọ́ Ààrẹ máa ń gbà wọ àpò wa.

Nígbà tí èmi àti ìyá aláta jọ ṣe tirẹ̀, E ló gba ojú ìwé. Epo ẹ̀rọ, owó ọ̀kadà tó ń gbé e lọ sọ́jà, owó ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì l'Adó-Èkìtì, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. D náà wà níbẹ̀ tí kò fura sí i: bẹ́líìtì ẹ̀rọ àti òróró ẹ̀ńjìnnì, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. A wá rí nǹkan kan tí kò sí nínú ìwé rárá. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé ata abọ́ kékeré kan dé, yóò tan ẹ̀rọ, yóò lọ̀ ọ́, yóò pa á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn dé, ó tún tan án. Ó wá fi ẹ̀fun kọ aago sára pátákó: aago méje, aago mẹ́wàá, aago mẹ́rin. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Epo tó ń lò lọ́jọ́ méjì tẹ́lẹ̀ wá ń tó o lọ́jọ́ mẹ́ta.

Gbogbo nǹkan kọ́ ló wà lọ́wọ́ Ààrẹ o. Òjò kì í gba àṣẹ l'Abuja. Ọ̀dá, àrùn oko àti ogun tó ń lọ nílẹ̀ ẹlòmíràn lè gbé owó oúnjẹ sókè láìsí ìbò kankan. Ní ti iná mànàmáná, láti 2024 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná, ti gbé àṣẹ àbójútó rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí lé Èkìtì fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà Adó ni kí ẹ gbé púpọ̀ nínú ẹjọ́ iná lọ. Ìdìbò gómìnà wa náà kì í sì í bọ́ sí àsìkò kan náà pẹ̀lú ti Ààrẹ. Ẹ má da ẹ̀sùn méjèèjì pọ̀.

Ẹ gbọ́ ibi tí àwọn olùdíje ti fohùn ṣọ̀kan

Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà ìpolongo, ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà la máa ń gbọ́. Ẹ yí etí padà síbi tí wọ́n ti jọ ń sọ ohun kan náà, torí pé ẹni yòówù kó wọlé, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ti 2023. Tinubu sọ pé òun yóò yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Atiku sọ bẹ́ẹ̀. Obi náà sọ bẹ́ẹ̀. Kò tán síbẹ̀: ìṣúná ọdún 2023 tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù níbẹ̀rẹ̀ ọdún, oṣù kẹfà nìkan ni ó ṣètò owó ìrànwọ́ náà dé. Ó wà ní gbangba, ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn lè rí i. Nígbà tí Ààrẹ tuntun wá sọ ọ́ lọ́jọ́ ìbúra, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ó bá gbogbo wa lójijì bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ rí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, epo tó wà ní nǹkan bí igba náírà lítà kan kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ó ti di 617.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba Jonathan gbé e láti náírà 65 sí 141, àwọn èèyàn tú síta, ó sì padà sí 97. Ní oṣù karùn-ún 2016, nígbà Buhari, ó kúrò ní 86.50, ó di 145.

Nítorí náà, tí ìpolongo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé yín. Ẹ kọ ohun tí olùdíje kọ̀ọ̀kan sọ nípa epo, nípa dọ́là, nípa owó orí. Èyí tí wọ́n jọ sọ, ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ẹnì kan ṣe ní ìlérí, ẹ bi í léèrè ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Ẹni tó bá lóun yóò dín owó orí kù, tí yóò tún fi kún owó oṣù, tí yóò sì tún mú epo wálẹ̀, gbèsè ló kù tó fẹ́ jẹ, àwa la ó san án.

Dọ́là kì í pa gbogbo ènìyàn lára bákan náà

Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹfà 2023, CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí kọjá 700 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá 1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Búrẹ́dì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, táyà ọkọ̀, fóònù: gbogbo rẹ̀ gbéra.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn àgbẹ̀ kòkó n'Ísẹ̀ àti Ẹmùrẹ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ta kòkó lọ́jà àgbáyé. Ní 2024, kòkó kùnà ní Gánà àti Côte d'Ivoire, tọ́ọ̀nù kan sì kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là. Nígbà tí náírà tún ti fẹ́lẹ́, owó ńlá wọlé. Àwọn kan fi kọ́lé, àwọn kan fi ra ọkọ̀. Nígbà tó fi di ìparí 2025, iye kòkó ti já dé nǹkan bí ìdajì ohun tó jẹ́ nígbà tó ga jù. Ẹni tó ti fi owó ọdún kan ṣètò ìnáwó ọdún mẹ́ta ti wọ gbèsè.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé: ẹ ka iye D tó ń jáde kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ ka iye D tó ń wọlé. Tí èyí tó ń jáde bá pọ̀, ẹ ra ohun èlò iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ dájú pé ẹ ó lò kí ọjọ́ ìbúra tó dé. Ohun èlò ni mo wí o, kì í ṣe kí ẹ lọ kó gbogbo owó ilé ra dọ́là lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ nítorí àhesọ. Tí èyí tó ń wọlé bá pọ̀, ẹ tọ́jú ìdá kan nínú mẹ́ta èrè ọdún tó bá dára.

Gbèsè àti ìfowópamọ́

Ààrẹ ló ń yan gómìnà CBN, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ló ń fọwọ́ sí i. Iye èlé tí CBN fi ń darí àwọn báńkì wà ní 18.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù karùn-ún 2023. Ní oṣù kọkànlá 2024, ó ti di 27.5. Ẹni tó yáwó báńkì tí èlé rẹ̀ ṣeé yí padà rí i nínú ìdápadà oṣooṣù.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó kankan lọ́dún ìdìbò, ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé èlé yìí yóò dúró síbi tó wà títí n ó fi san tán, àbí ẹ lè fi kún un? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé. Tí ó bá ṣeé fi kún, ẹ sún un síwájú, tàbí kí ẹ wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Tí ẹ bá ní owó díẹ̀ tó jókòó, àsìkò tí èlé ga náà ni àsìkò tó dára fún olùfipamọ́. FGN Savings Bond, ìwé ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń tà fún aráàlú, bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Owó tí ẹ kò ní nílò láìpẹ́ ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Owó oṣù tí kò tíì dé

Adó kún fún òṣìṣẹ́ ìjọba, owó tí wọ́n ń pín l'Abuja lóṣooṣù sì lọ́wọ́ nínú ohun tó ń gbọ́ bùkátà wọn. Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 18,000 ní 2011, ó di 30,000 ní oṣù kẹrin 2019, ó di 70,000 ní oṣù keje 2024. Òfin tuntun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún un wò, ìyẹn ni pé 2027 ló tún bọ́ sí. Wọn yóò fi ṣe ìpolongo. Mo bẹ yín, ẹ má jẹ gbèsè lé e lórí. Láti ìbúwọ́lù l'Abuja dé àpò òṣìṣẹ́ l'Ékìtì, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó, ọjà a sì ti wọ́n kí ó tó dé.

Ní ti owó orí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ni òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tí owó tí wọ́n lè gba owó orí lórí rẹ̀ kò ju 800,000 náírà lọ lọ́dún kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Ìwé ìnáwó àti owó tó ń wọlé tí mo ní kí ẹ máa kọ yẹn ni yóò gbè yín lẹ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá wá béèrè.

Ọ̀sẹ̀ ìdìbò gan-an

Ní oṣù kẹwàá 2022, CBN kéde pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé owó àtijọ́ kò ní ṣeé ná mọ́ wà ní ìparí oṣù kìíní 2023, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, ìdìbò sì wà ní ọjọ́ 25. Mo ti kó owó ẹgbẹ́ lọ sí báńkì bí wọ́n ṣe ní ká ṣe. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fẹ́ san owó ọsibítù, mo dúró níwájú báńkì náà láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé aago mẹ́ta ọ̀sán, wọn kò fún mi ní kọ́bọ̀. A fi náírà ra náírà lọ́wọ́ oní-POS. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó ní kí owó àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́ títí di ìparí ọdún.

Láti ìgbà náà, mo ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́, ní owó kéékèèké, kí ìyókù wà ní báńkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin tó ń ta tòmátì, ẹja tútù àti ewébẹ̀ ní Ọjà Ọba, ẹ má ra ọjà ńlá sílẹ̀ de ọjọ́ ìdìbò: ọkọ̀ kì í rìn, ọjà kì í ṣí. INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, sì lè sún ọjọ́ síwájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sún ti 2015. Ti 2019, òru mọ́jú ọjọ́ ìdìbò gan-an ni wọ́n kéde pé ó di ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ má fi ìgbéyàwó ọmọ yín sí Sátidé ìdìbò, tàbí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan yóò sì wá bá yín pẹ̀lú "dìbò kóo sebẹ̀". Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí ó bá fún yín ní 5,000 náírà, ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,461. Ohun tó kan ọjọ́ kan kò pé náírà mẹ́rin. Ìyá aláta ń ná jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí epo kí ó tó lọ ata abọ́ kan.

Láti ọjọ́ ìbò dé ọjọ́ ìbúra, àti lẹ́yìn rẹ̀

Àwọn oṣù díẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Ẹ san gbèsè tó bá ṣeé san. Ẹ san owó iléèwé táàmù tó ń bọ̀ tí agbára bá ká a. Àgbẹ̀, ẹ ra ajílẹ̀ àti oògùn oko. Tí wọ́n bá búra tán, ẹ wo ẹni tí wọ́n yàn sí ìṣúná àti CBN, kí ẹ sì fetí sí ohun tí wọ́n bá sọ nípa epo lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, tí iye bá gbéra, iye tí ẹ ó fi ra òmíràn ni kí ẹ fi ṣírò èyí tó wà nílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ta ọjà wọn tán ní iye àtijọ́ ní 2023, wọ́n sì rò pé àwọn jèrè. Nígbà tí wọ́n padà lọ sí ọ̀dọ̀ alátapọ̀, àpò ìrẹsì mẹ́wàá ti di mẹ́fà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbúra, ẹ pe gbogbo ilé jọ, àtọmọdé tó ti lè kàwé. Ẹ ṣí ìwé yẹn, ẹ kọ iye tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àtijọ́, láti orí E dé orí J. Èyí tó bá ti fò sókè jù, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ jọ pinnu ohun tí ẹ ó gé.