Rédíò Tuntun Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jó Wáyà, Tó Sì Ń Jẹ Owó

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n tún fi okùn fa ìjàpá kan, Volkswagen Beetle, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú. Ọkọ̀ náà ń dán. Ẹni tó ni ín ti kùn ún, ó ti rán àga rẹ̀, ó wá ra rédíò tuntun alójú ńlá sí i. Ọjọ́ kẹta tó gbà á lọ́wọ́ rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ni kò stáàtì mọ́, rédíò náà kò sì fọhùn. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo fa ìdìpọ̀ wáyà kan jáde, tépù ti yọ́ lára rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtè. Ọdún 19 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń bí mi nínú. Owó tí ọmọkùnrin yẹn ná lé e lórí kò kéré, iṣẹ́ wákàtí méjì ló bà á jẹ́.

Èkíní. Ẹ má kàn gbà pé fóltì 12 ni ọkọ̀ náà. Ẹ gbé mítà lé orí bátìrì. Èyí tó bá kún á ka nǹkan bíi 12.6. Púpọ̀ nínú àwọn Beetle tó ṣáájú ọdún 1967 jẹ́ fóltì 6. Àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, láti 1975 kò ní wàhálà yìí, àmọ́ ìjàpá tó wà lóde kì í ṣe ti Ọ̀jọ́ nìkan. Morris Minor tún ní tirẹ̀: pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ irin ara ọ̀pọ̀ wọn, dípò nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ bá fi wáyà dúdú rédíò tuntun kan ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, rédíò ti lọ nìyẹn.

Èkejì. Ẹ má so wáyà yẹ́lò àti pupa pọ̀. Yẹ́lò ló ń gba iná nígbà gbogbo kí rédíò má baà gbàgbé aago àti sítéṣọ̀n. Ẹnu kọ́kọ́rọ́ ni pupa ti gbọ́dọ̀ gba iná tirẹ̀. Àwọn tó ń so ó pọ̀ á ní àwọn fẹ́ kí rédíò máa kọrin láìfi kọ́kọ́rọ́ sí i. Tí ẹ bá wá gbàgbé pa á, bátìrì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má lọ́ wáyà lọ́rùn kí ẹ sì fi tépù wé e. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀.

Ọ̀rọ̀ fíúsì gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí. Tí mo bá bi rìwáyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù pé fíúsì dà, ẹ̀yìn rédíò ló máa nawọ́ sí. Lóòótọ́, fíúsì áńpíà 10 tàbí 15 wà níbẹ̀. Rédíò nìkan nìyẹn ń dáàbò bò. Wáyà gígùn tó ti orí bátìrì wá dé ẹ̀yìn rédíò kò ní olùgbèjà kankan. Nínú Píjò 504, ìyà rẹ̀ kéré díẹ̀, torí iwájú lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni bátìrì wà, ọ̀nà kò jìn. Ṣùgbọ́n abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ìjàpá wà. Wáyà náà á gba abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì, á rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kó tó dé dáṣíbọ́ọ̀dù, irin ni gbogbo ibi tó ń fara kàn. Táńkì epo sì wà nínú búùtù iwájú, níwájú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn gan-an. Ibi tí rọ́bà wáyà bá ti bó, tí bàbà inú rẹ̀ bá kan irin, gbogbo agbára bátìrì á gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí ohun tó máa dá a dúró títí wáyà á fi pọ́n bí ẹyin iná.

Mo ti ṣe é rí. Ọdún kejì tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, bàbá kan láti Ìgbógbó gbé ìjàpá wọn wá. Mo fa wáyà láti orí bátìrì, n kò fi fíúsì sí i, mo gbà á sábẹ́ àga, mo sì ti àga padà sáyè rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta, bàbá ń gbé ìyàwó wọn bọ̀ láti ọjà Sábó. Ẹrù ọjà ló wà lórí àga iwájú, ìyá wá jókòó sẹ́yìn. Gbogbo gálọ́ọ̀pù tí wọ́n ti ń kó sí láti ọjọ́ yìí ni irin àga ti fi ń ha wáyà mi jẹ. Ìyá ní àwọn ń gbóòórùn rọ́bà, bàbá rò pé láti ìta ni. Àfìgbà tí èéfín yọ lábẹ́ aṣọ ìyá. Bàbá já sílẹ̀, wọ́n fa ìyá jáde, wọ́n ṣí àga, wọ́n fi fìlà wọn di orí bátìrì mú, wọ́n sì fa wáyà náà já. Ibi tó jó lára tápẹ́ẹ̀tì gùn tó apá mi. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, wọn kò bú mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ọmọ mi, ìyá rẹ ló jókòó lé e." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi. Ẹ fi fíúsì sí ẹnu wáyà, kó má jìnnà ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí orí bátìrì. Wáyà 2.5mm àti fíúsì 15 tó fún rédíò lásán. Ibikíbi tí wáyà bá ti gba inú ihò irin, ẹ fi rọ́bà sí ihò náà. Ẹ tẹ́ rọ́bà lé orí bátìrì ìjàpá, kí sípíríǹgì àga má baà kan án tí ẹni tó sanra bá jókòó. Ẹ má sì fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíúsì tó ti jó. Tó bá ń jó, ohun kan ló fà á, ẹ wá a. Ilé fíúsì pẹ̀lú fíúsì inú rẹ̀ kò ju owó ẹ̀wà aganyin àti búrẹ́dì lọ!

Èyí tó tún ń pa rédíò ni ti sípíkà. Láyé àtijọ́, wáyà kan ṣoṣo ló ń lọ sídìí sípíkà, ara ọkọ̀ ni ìkejì. Rédíò tuntun kò gba bẹ́ẹ̀. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì tirẹ̀: funfun fún iwájú òsì, aláwọ̀ eérú fún iwájú ọ̀tún, aláwọ̀ ewé fún ẹ̀yìn òsì, elésè àlùkò fún ẹ̀yìn ọ̀tún, èyí tó bá ní ìlà dúdú sì ni nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ má fi ìkankan nínú wọn kan ara ọkọ̀. Ẹ má lo wáyà sípíkà àtijọ́ tẹ́ ẹ bá bá nínú ọkọ̀, ẹ fa tuntun.

Wáyà dúdú rédíò náà, ẹ má so ó mọ́ síkúrú tó wà lórí ọ̀dà. Ẹ fi sáńpépà ha irin náà títí á fi funfun. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa níbí ń mú kí irin tètè dípẹtà, torí náà ẹ fi gírísì díẹ̀ bò ó.

Ẹ dákun, ẹ má fi gíráńdà gé dáṣíbọ́ọ̀dù. Irin tí ẹ bá gé kò ní í hù padà, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́la, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé rédíò sínú píjìnhóòlù, tàbí kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ so ó sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Rédíò tuntun tí wọ́n ṣe ní ìrísí ti àtijọ́, tó ní kókó méjì lójú, náà wà.

Ti amplifier ńlá, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn rédíò ròkè, ńkọ́? Dáínámò ìjàpá ò ju nǹkan bí áńpíà 30 lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré ni ó sì ń mú un wá. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ògòlóńtò, pẹ̀lú iná iwájú ní títàn, bátìrì lẹ ń jẹ.

Ìjàpá ọjọ́ Sátidé yẹn, wọ́n ti fi wáyà sípíkà méjì kan ara ọkọ̀, rédíò ti jó. Yẹ́lò àti pupa wà lọ́rùn ara wọn. Mo pe ọmọkùnrin náà kó wá wo abẹ́ àga. Wáyà kò ní fíúsì, rọ́bà rẹ̀ ti bó níbì kan, bàbà ti ń dán níbẹ̀. Ó fi ìka kàn án, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gé wáyà náà jáde, ó ní kí n má sọ ọ́ nù. Ó ká a sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ní òun ń gbé e lọ fún rìwáyà yẹn.