Ìwé Ìtọ́sọ́nà: Fífi Iná Sólà sí Ìta Oko Ẹja àti Ilé Adìẹ Olówò

A kọ ìwé yìí fún àwọn oníṣẹ́ sólà tí oko ẹja, ilé adìẹ tàbí ibùdó gàrí bá gbé iṣẹ́ fún, àti fún àwọn olóko tí yóò san owó iṣẹ́ náà. Ohun tó fà á ni àdánù kan tó ń padà wá lọ́dọọdún. Iná tí wọ́n gbé sí ìta nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń tàn mọ́jú fún oṣù mélòó kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú láago 1 tàbí 2 òru nígbà tí òjò bá ti wọlé, àwọn olè yóò sì mọ wákàtí náà ju ẹni tó ni oko lọ. Ẹja tí wọ́n ti ń bọ́ fún oṣù 5 tàbí 6 á bá òru ọjọ́ kan lọ. Bí olóko bá pe oníṣẹ́, èsì tó máa ń gbọ́ ni pé bátìrì ni kò dára. Yóò ra òmíràn, iná náà yóò sì tún kú.

Nínú èyí tó pọ̀ jù lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí a yẹ̀ wò, bátìrì kọ́ ló jẹ̀bi. Òjìji ló bo pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tó ń gba oòrùn. Oníṣẹ́ béèrè ibi tí oníbàárà fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé, ó gbé iná síbẹ̀, ó gba owó rẹ̀, kò sì béèrè ibi tí oòrùn ń gbà kọjá lórí ilẹ̀ náà. Ìbéèrè kejì yìí ló yẹ kó ṣíwájú, òun sì ni a óò tẹnu mọ́ jù nínú ìwé yìí.

Ẹ má ṣe fojú kéré òjìji kékeré. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn awẹ́ kéékèèké inú pánẹ́ẹ̀lì tó ń sọ oòrùn di iná, so mọ́ra lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó wà nínú òjìji sì máa ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Pánẹ́ẹ̀lì 100W tó ní sẹ́ẹ̀lì 36 máa ń mú nǹkan bí 18V jáde (W ni ìwọ̀n agbára iná, V sì ni ìwọ̀n ipá tó ń tì í). Bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan bá bo igun rẹ̀ kan, ìdajì pánẹ́ẹ̀lì náà lè dákẹ́ iṣẹ́, 9V tó sì ṣẹ́ kù kò lè wọnú bátìrì 12V rárá. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ tó ń wò ó yóò rò pé oòrùn kún orí rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ ó ṣe yan ibi tí pánẹ́ẹ̀lì yóò wà

Oòrùn kì í gba ojú kan náà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń tẹ̀ sí gúúsù ní nǹkan bí dígírì 31 nínú oṣù Kejìlá, ó sì máa ń tẹ̀ sí àríwá ní nǹkan bí dígírì 16 nínú oṣù Kẹfà. Nítorí náà, igi tó ga ní mítà 10 yóò ju òjìji mítà 6 sí apá àríwá lọ́sàn-án oṣù Kejìlá, yóò sì ju òjìji mítà 3 sí apá gúúsù lọ́sàn-án oṣù Kẹfà. Láago 9 àárọ̀, òjìji igi kan náà lè gùn ju mítà 15 lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn.

Ìwọ̀n tí ẹ ó máa lò nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo iye mítà tí igi, ògiri tàbí táńkì omi fi ga ju pánẹ́ẹ̀lì lọ. Bí ohun náà bá wà ní ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn, pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní ìlọ́po 2 iye náà. Bó bá wà ní gúúsù, ó gbọ́dọ̀ jìnnà ní iye náà gan-an. Bó bá wà ní àríwá, ìdajì rẹ̀ ti tó. Igi tó ga ní mítà 8 fi mítà 4 ga ju pánẹ́ẹ̀lì tó wà lórí òpó mítà 4, nítorí náà pánẹ́ẹ̀lì yóò fi mítà 8 jìnnà sí i bí igi náà bá wà ní ìlà oòrùn, yóò sì fi mítà 4 jìnnà bó bá wà ní gúúsù. Lẹ́yìn èyí, kí oníṣẹ́ padà lọ dúró síbi tó yàn náà láago 9 àárọ̀, aago 1 ọ̀sán àti aago 4 ìrọ̀lẹ́. Bí òjìji ohunkóhun bá kan ibẹ̀ nínú wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kí ó wá ibòmíràn. Ẹni tó wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó ń bá oníbàárà dúnàá dúrà kò tíì wo ilẹ̀.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ bá rí nínú oṣù Kìíní. Nígbà náà, araba àti igi tíìkì ti wọ́wé, oòrùn sì ń gba àárín ẹ̀ka wọn kọjá. Nígbà tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, tí ìkùukùu pọ̀ tí a sì nílò gbogbo oòrùn tó bá yọ, ewé ti kún orí wọn bámúbámú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ burú jù wọ́n lọ, nítorí pé etí kòtò ẹja ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti gbìn ín sí, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò ju orúnkún lọ lọ́jọ́ tí ẹ gbé iná kalẹ̀ sì lè ga bọ́ sórí pánẹ́ẹ̀lì kí ọdún tó yípo. Kí olóko má ṣe gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ tàbí igi èyíkéyìí sí ibi tí kò tó mítà 8 sí pánẹ́ẹ̀lì.

Bí ibi tó nílò ìmọ́lẹ̀ bá wà lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ilé, ẹ ya pánẹ́ẹ̀lì kúrò lára iná. Ẹ gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé tàbí sórí òpó tirẹ̀ níbi tí oòrùn wà, kí ẹ sì fa wáyà bàbà tó nípọn ní mm² 4 dé ibi tí bátìrì wà, kó má ṣe gùn ju mítà 10 lọ. Wáyà mm² 2.5 tó láti inú bátìrì dé iná 20W. Iná tí pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ dára fún gbangba nìkan. A ṣì ń rí i tí wọ́n ń kàn án mọ́ ògiri lábẹ́ òrùlé tó yọ síta, níbi tí oòrùn kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti aago 10 àárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oníṣẹ́ tó kàn án ti gun àkàbà, ó sì ti fojú ara rẹ̀ rí òrùlé náà.

Ìṣirò

Iná 20W tó ń tàn fún wákàtí 12 ń jẹ 240Wh lóru kan (Wh ni W tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀). Ẹ má ṣe fi wákàtí oòrùn 5, ìyẹn iye wákàtí tí oòrùn fi ń mú gan-an lójúmọ́, ṣírò bí àwọn tó ń tajà ṣe máa ń wí, wákàtí 3.5 ni kí ẹ lò, nítorí oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ẹ pín 240 sí 3.5, ẹ tún pín èsì rẹ̀ sí 0.7 nítorí ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà: nǹkan bí 98W ni yóò jáde, èyí túmọ̀ sí pánẹ́ẹ̀lì 100W. Ní ti bátìrì, òru 2 láìsí oòrùn ni kí ẹ pèsè fún, ìyẹn 480Wh. Bátìrì lithium 12.8V tó jẹ́ 50Ah ní 640Wh nínú, ó sì tó (Ah ni ìwọ̀n ohun tí bátìrì lè gbà; bí ẹ bá fi V sọ ọ́ di púpọ̀, Wh ni yóò jáde). Bó bá jẹ́ oníásíìdì ni oníbàárà yàn, a kò gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ gbé 12V tó jẹ́ 100Ah.

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò yìí. Ẹ fi téèpù wọn pánẹ́ẹ̀lì náà. Pánẹ́ẹ̀lì tó dára ń mú nǹkan bí 200W jáde lórí mítà 1 níbùú lóròó, nígbà tí oòrùn bá mú jù. Èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 sí 20 kò lè ju 12W lọ, ìbáà jẹ́ 300W ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sí páálí rẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọ èyí, tó sì gba owó 300W lọ́wọ́ olóko, ti jalè ṣáájú àwọn tó ń wá kó ẹja.

Gbígbé e kalẹ̀

Ẹ jẹ́ kí òpó gùn ní mítà 5, kí mítà 1 nínú rẹ̀ wọlẹ̀ sínú kọnkéré símẹ́ǹtì 1, yanrìn 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ 4, kí ẹ sì dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó gbé ẹrù lé e. Iná tó wà lókè ní mítà 4 lè fi mítà 12 sí 15 jìnnà sí èkejì rẹ̀.

Ojú pánẹ́ẹ̀lì yóò kọ sí gúúsù, yóò sì dagun ní dígírì 10 sí 15. Fún pánẹ́ẹ̀lì tó gùn ní mítà 1, èyí túmọ̀ sí pé etí rẹ̀ tó wà ní àríwá yóò fi sẹ̀ǹtímítà 17 sí 26 ga ju etí tó wà ní gúúsù lọ. Ẹ má ṣe tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, omi òjò yóò máa dúró lórí rẹ̀, ìdọ̀tí yóò sì máa kóra jọ sí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, Badagry àti àwọn ibi tó súnmọ́ òkun, nọ́ọ̀tì àti bóòtì tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò.

Wáyà bátìrì ni ẹ ó kọ́kọ́ so mọ́ kọntirólà (ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso bí iná ṣe ń wọ bátìrì), lẹ́yìn náà pánẹ́ẹ̀lì, iná ni yóò kẹ́yìn. Bí ẹ bá ń tú u, pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ fi fíúùsì 10A sí ara wáyà bátìrì, kó má jìnnà sí orí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ẹ rí i pé irú bátìrì tí ẹ rà ni ẹ yàn lórí kọntirólà. Inú àpótí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni bátìrì yóò wà, kó má ṣe sí lábẹ́ páànù gbígbóná, nítorí pé ooru ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Ní ilé adìẹ, ẹ kọ ojú iná síta, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má ṣe wọ inú àgọ́. Adìẹ tó ń yé ẹyin nílò ìmọ́lẹ̀ bí wákàtí 16 lójúmọ́, olóko tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń ṣọ́ wákàtí náà. Iná ìta tó ń tàn wọlé mọ́jú yóò da ètò náà rú, pàápàá fún àwọn ọmọ adìẹ tí kò tíì tó yé.

Àyẹ̀wò kí owó tó pé

Olóko kò gbọ́dọ̀ san àṣẹ́kù owó lọ́jọ́ tí iná kọ́kọ́ tàn. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí iná tan òru 1, kí ẹ fi tapólínì bo pánẹ́ẹ̀lì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí iná náà sì tún tàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bó bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, tàbí tí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná bá ka iye tó kéré sí 12V lórí bátìrì nígbà tí iná ṣì ń tàn, iṣẹ́ kò tíì parí. Oníṣẹ́ tó bá bínú sí àyẹ̀wò yìí ti dáhùn ìbéèrè tí olóko ní lọ́kàn.

Kí àwọn méjèèjì wá kọ ìwé. Ìwé náà yóò sọ ìwọ̀n pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, ọjọ́ tí wọ́n gbé iná kalẹ̀, àti gíga gbogbo igi tó wà láàárín mítà 15 sí pánẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà. Yóò dárúkọ ẹnì kan nínú oko tí yóò máa fi omi lásán àti aṣọ múlọ́múlọ́ nu pánẹ́ẹ̀lì ní ìdájí, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì nígbà ọyẹ́, lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà yòókù, láìlo ọṣẹ ìfọṣọ tàbí yanrìn. Ẹni kan náà ni yóò máa gé ẹ̀ka igi nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹfà. Bátìrì tó bá ti kú pátápátá, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù ni kí wọ́n dá a padà sí. Wọn kò gbọ́dọ̀ sun ún, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jù ú sí etí kòtò ẹja.