Bí a ṣe ń bójú tó kúkì nígbà tí a bá ń dán ìkànnì wò

Ẹni tó bá ti gba káàdì ní ọsíbítù ìjọba rí yóò tètè lóye iṣẹ́ tí kúkì ń ṣe. Nọ́ńbà ló ṣe pàtàkì jù lára káàdì náà. Fáìlì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àìsàn sí wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìwé, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n sì fi ń wá a jáde nígbàkigbà tí aláìsàn bá padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀) ṣe ń fún búráúsà (ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì) ní kúkì, ìyẹn nọ́ńbà tí yóò máa mú wá pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè rẹ̀, nítorí pé ìlànà HTTP tí àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kì í rántí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán. Lou Montulli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape nígbà náà, ló gbé kúkì kalẹ̀ ní ọdún 1994. Ohun tó ń da àwa tí à ń dán ìkànnì wò láàmú ni pé káàdì tí ìdánwò kan gbà lè bọ́ sọ́wọ́ ìdánwò tó tẹ̀ lé e láìsí ẹni tó fura.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. A kọ ìdánwò kan (ètò kọ̀ǹpútà tó ń lo ìkànnì bí ẹni pé ènìyàn ni) láti fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá apẹ̀rẹ̀ ọjà àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣófo. Bí mo bá ṣe òun nìkan, yóò yege. Bí gbogbo ìdánwò bá ṣiṣẹ́ pa pọ̀ lóru, 1 ni yóò bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán apẹ̀rẹ̀ náà dípò 0. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá ìdí rẹ̀ kí n tó rí i pé ìdánwò tó ṣáájú ti ju àpò gààrí kan sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì ti dákú sójú ọ̀nà kó tó dé ìlà tí a ní kó ti pa kúkì rẹ̀ rẹ́. Láti ìgbà náà, ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò ni mo ń fi ìpalẹ̀mọ́ sí, nítorí pé ìdánwò tó bá ṣubú lágbedeméjì kò ní dé ìparí.

Kí ẹ tó kọ ìlà kan, ẹ kọ́kọ́ fi ojú ara yín wo kúkì náà. Ẹ tẹ F12: nínú Chrome, abẹ́ Application ni ẹ ó ti rí wọn, nínú Firefox, abẹ́ Storage ni. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó wọlé sórí ìkànnì, lẹ́yìn náà ẹ wọlé, kí ẹ sì tún un wò. Nọ́ńbà tí ìkànnì fi ń dá oníbàárà mọ̀ gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́yìn tó bá wọlé. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú lè fi í wọlé bí ẹni pé òun ni oníbàárà ọ̀hún.

Bí Selenium (ohun èlò tó ń darí búráúsà fún ìdánwò) lẹ bá ń lò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé delete_all_cookies, àṣẹ rẹ̀ tó ń pa kúkì rẹ́, pátápátá. Kúkì tó jẹ mọ́ ojú-ewé tí ẹ wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ nìkan ló ń parẹ́, nítorí náà bí ojú-ewé ìwọlé bá wà lábẹ́ àdírẹ́sì mìíràn, kúkì tibẹ̀ yóò ṣẹ́ kù. Búráúsà tuntun fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù. (Incognito, fèrèsé ìkọ̀kọ̀ Chrome, kò tó: gbogbo fèrèsé Incognito tó bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà nínú Chrome ló jọ ń pín kúkì lò.) Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi add_cookie gbé kúkì wọlé, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú-ewé kan ní àdírẹ́sì yẹn, ì báà jẹ́ ojú-ewé àṣìṣe 404, nítorí pé Selenium kò ní gbà kí ẹ fi kúkì sí àdírẹ́sì tí ẹ kò tíì dé.

Kò yẹ kí gbogbo ìdánwò máa tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú Playwright, ohun èlò ìdánwò mìíràn, ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi storage_state tọ́jú kúkì sínú fáìlì JSON, kí ìdánwò yòókù sì máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni fáìlì yẹn jẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kó wọ Git, ibi tí ẹ ti jọ ń tọ́jú kóòdù. Ẹ ṣì fi ìdánwò kan tàbí méjì sílẹ̀ tí yóò máa gba ojúlé wọlé, kí ẹ lè tètè mọ̀ bí ilẹ̀kùn gan-an bá bàjẹ́.

Ẹ wá yẹ àwọn àmì ara kúkì wò. Kúkì ìwọlé gbọ́dọ̀ ní HttpOnly (kí JavaScript inú ojú-ewé má bàa lè kà á) àti Secure (kó máa gba ọ̀nà HTTPS nìkan). Bí ẹ bá kọ document.cookie sínú Console tó wà nínú F12 tí ẹ sì rí i níbẹ̀, àléébù ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. SameSite, tó ń sọ bóyá kúkì lè bá ìbéèrè tó ti ìkànnì mìíràn wá, ni mo máa ń lo àkókò lé lórí jù, pàápàá níbi tí owó bá ti wọ̀ ọ́. Oníbàárà kúrò lórí ìkànnì yín lọ sí ojú-ewé báńkì láti sanwó, báńkì sì fi ìbéèrè POST (irú èyí tí fọ́ọ̀mù fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́) dá a padà: kúkì tó bá ní SameSite=Lax kò ní bá ìbéèrè yẹn wá, ìkànnì yóò sì bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó tán pé ta ni. Bí ẹ bá sọ ọ́ di None láti yanjú èyí, láìsí Secure, Chrome yóò kọ̀ ọ́. Ẹ dán ìrìn-àjò yẹn wò látòkèdélẹ̀, lórí àdírẹ́sì méjì tó yàtọ̀ síra ní tòótọ́.

Èyí tó kù ni ìjáde, òun sì ni mo ti rí ọ̀pọ̀ àléébù jù. Ẹ wọlé, ẹ da nọ́ńbà kúkì kọ sí ibì kan, ẹ tẹ ibi ìjáde, ẹ dá nọ́ńbà náà padà sínú búráúsà, kí ẹ sì ṣí ojú-ewé àkáǹtì. Bí ìkànnì bá ní kí ẹ wọlé lákọ̀tun, ó yege. Bó bá fi orúkọ oníbàárà kí yín káàbọ̀, a jẹ́ pé káàdì nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, fáìlì rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lórí tábìlì.