Bí a ṣe ń ṣe kànrìnkànrìn alginate tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró

Kí nǹkan fa ẹ̀jẹ̀ mu yàtọ̀ sí kí ó mú ẹ̀jẹ̀ dì. Òwú lásán náà ń fa ẹ̀jẹ̀ mu. Ohun tó jẹ́ kí alginate, tí wọ́n ń yọ lára ewéko òkun, wúlò ni calcium tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí sodium ṣe ń wọlé gba ipò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í dì láìsí calcium.

Ẹ wọn sodium alginate gíráàmù 2 fún omi distilled mìlílítà 100. Kí omi ti máa yí kí ẹ tó bu ìyẹ̀fun náà wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan, òde rẹ̀ á yọ̀, inú rẹ̀ á gbẹ, kókó yẹn kì í sì í tètè túká. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Ẹ dà á sínú àwo pẹlẹbẹ, kí ó jìn tó mìlímítà 5, kí ẹ sì gbé e sí -20°C mọ́jú. Bí ó bá yára dì, ihò inú rẹ̀ á kéré; bí ó bá rọra dì, ihò á tóbi. Inú freeze-dryer, ẹ̀rọ tó ń gbẹ ohun tó ti dì láìjẹ́ kí yìnyín rẹ̀ yọ́, ló kàn, títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bí yìnyín bá yọ́ lágbede méjì, kànrìnkànrìn náà á wó pẹlẹbẹ.

Kí calcium lè gba ipò sodium inú rẹ̀, ẹ rì í sínú omi calcium chloride 2% fún ìṣẹ́jú 10. Gíráàmù 2 nínú mìlílítà 100 ni èyí tí kò ní omi lára. Tó bá jẹ́ dihydrate, èyí tó ní omi lára, gíráàmù 2.65 ni. Ẹ fi omi distilled ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tún mú un dì, kí ẹ sì tún gbẹ ẹ́.

Ìdánwò ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Citrate, kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sí ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò kí ó má bàa dì, ti so calcium ẹ̀jẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Calcium tó bá ṣẹ́kù lára kànrìnkànrìn lè borí citrate náà, ẹ̀jẹ̀ á dì kíákíá, ẹ ó sì rò pé iṣẹ́ ti yanjú. Lójú ọgbẹ́ ńkọ́, níbi tí calcium kò ti wọ́n? Nítorí náà, ẹ fi calcium chloride 0.2 M, máíkrólítà 10, sí ẹ̀jẹ̀ máíkrólítà 100 nínú gbogbo àpẹẹrẹ, títí kan gọ́ọ̀sì tí ẹ fi ń ṣe àfiwé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 ní 37°C, ẹ rọra da omi distilled sí i láìda ẹ̀jẹ̀ tó ti dì rú: sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò dì á bẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì hàn bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wo omi náà ní 540 nm. Àwọ̀ tó bá fẹ́lẹ́ dára, àmọ́ ẹ fún kànrìnkànrìn náà wò. Ó lè jẹ́ pé ó kàn há sẹ́ẹ̀lì mọ́ inú ni.

Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ohun èlò náà fúnra rẹ̀ bẹ́ kò gbọdọ̀ ju 5% lọ. Kò sì gbọdọ̀ kan ọgbẹ́ ènìyàn kí ó tó yege nínú àyẹ̀wò ISO 10993, ìlànà àgbáyé fún yíyẹ ààbò ohun èlò ìṣègùn lára ènìyàn wò, kí àjọ tó ń ṣàkóso ohun èlò ìṣègùn sì tó fọwọ́ sí i.

Ìtànṣán gamma tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 25 kGy, tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, máa ń gé okùn alginate kúrú, kànrìnkànrìn á sì rọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ ti pa kòkòrò rẹ̀ ni kí ẹ máa dán wò.