Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Mo Sanwó Ẹ̀kọ́ Ìwakọ̀ ní Òṣogbo

₦70,000 ni mo kó fún iléèwé ìwakọ̀ kan, ₦35,000 fún èmi, ₦35,000 fún ọmọ àbúrò mi, owó náà sì wọgbó. Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ ọdún 51 ni mí, ọmọ àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 18 ni. Ẹnìkan lọ́jà ti sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n ń fi dandan mú lọ kẹ́kọ̀ọ́, pé wọn kì í da àgbà láàmú. Irọ́ ni. Ẹni tí kò bá tíì pé 18 kò lè gba láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n bóo pé 18 tàbí 60, bí o kò bá ní láísẹ́ńsì rí, àfi kóo gba ẹ̀kọ́ ní iléèwé tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, àwọn Road Safety, fọwọ́ sí.

A parí ẹ̀kọ́, wọ́n fún wa níwèé ẹ̀rí pẹ̀lú òǹtẹ̀ gàdàgbà. A gbé e lọ sí kafé ní Òkè-Fìa láti fi forúkọ sílẹ̀ fún láísẹ́ńsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ kafé tẹ nọ́ńbà tó wà lára ìwé náà, kò wọlé. Ó tún un tẹ̀, kò wọlé. Mo padà lọ bá ọ̀gá iléèwé. "Màmá, ẹ ṣe sùúrù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ṣe bẹ́ẹ̀! Bí mo bá dé ọ̀hún ní Mọ́ńdè, wọ́n á ní ọ̀gá ti lọ sí Ìbàdàn. Bí mo bá padà ní Ọjọ́rú, wọ́n á ní ó ń bọ̀. Mo ń ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo ń sanwó ọkọ̀ lọ, mo ń sanwó ọkọ̀ bọ̀. Nígbà tó yá ni mo gbé ìwé náà lọ bá àwọn Road Safety fúnra wọn. Òṣìṣẹ́ kan wò ó, ó ní, "Màmá, iléèwé yìí kò sí lára àwọn tí a mọ̀." Ọmọ àbúrò mi bú sẹ́kún níbẹ̀.

A tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Tíṣà ibẹ̀ mọṣẹ́. Ọwọ́ ọmọ yá sí jíà, àmọ́ eré ni tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí tíṣà fi ń mú un rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárín ọjà. Ní tèmi, ọrùn mi kì í fẹ́ yí, mi ò sì ń wo dígí ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí n máa pè é sókè, "dígí, dígí," kí n tó yà síbikíbi. Ọjọ́ tí mo dá ọkọ̀ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí mo sì gbéra láìjẹ́ kó sún sẹ́yìn, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ìdánwò lọ́dọ̀ VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, fọ́tò, títẹ ìka, ìyẹn kò le. Láísẹ́ńsì ti wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ Road Safety ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè bóyá wọ́n mọ iléèwé náà, kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀. Ẹ má wo pátákó L, àmì akẹ́kọ̀ọ́ ìwakọ̀, tó wà lórí ọkọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ló lè kun ìyẹn.

₦10,000 péré ni ọ̀gá iléèwé àkọ́kọ́ yẹn tíì dá padà. Sátidé tó kọjá, mo wakọ̀ mi lọ síbẹ̀ lọ béèrè ₦60,000 tó kù.