Bí A Ṣe Lè Fi Fóònù Wo Gbajúmọ̀ Àwòrán Ilẹ̀ Yúróòpù Láti Òṣogbo

Fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Òṣogbo fi ń wo àwọn àwòrán tí ayé ń pariwo ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀nà náà kò burú rárá, nítorí àwọn mùsíọ́ọ̀mù tó ni wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí fóònù ti ń tan ojú jẹ ni ti ìwọ̀n: àwòrán tó gba odindi ògiri àti èyí tí ènìyàn lè há sí abíyá, ọgbọọgba ni wọ́n máa ń rí lójú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwòrán kankan, ẹ kọ́kọ́ wá mùsíọ́ọ̀mù tí ó wà, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má ṣe mú èyí tí Google bá kọ́kọ́ gbé wá, nítorí ẹni tó gbé e síbẹ̀ lè ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà tàbí kí ó ti gé etí rẹ̀. Orúkọ àwòrán àti orúkọ mùsíọ́ọ̀mù ni kí ẹ tẹ̀ pọ̀: Mona Lisa ti Leonardo da Vinci pẹ̀lú Louvre ní Párísì, Las Meninas ti Diego Velázquez pẹ̀lú Prado ní Madrid, Girl with a Pearl Earring ti Johannes Vermeer pẹ̀lú Mauritshuis ní ìlú The Hague. Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ tí wọ́n ti bí ayàwòrán ni ẹ ó ti bá iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Nẹ́dálándì ni Vincent van Gogh, ilẹ̀ Faransé ló ti ya The Starry Night lọ́dún 1889, ṣùgbọ́n Museum of Modern Art ní Niu Yọ́ọ̀kì ni àwòrán náà wà láti ọdún 1941.

Lójú ìwé mùsíọ́ọ̀mù, ẹ wá ọdún tí wọ́n ya àwòrán náà, ohun tí wọ́n yà á sí, àti ìwọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n ni mo kà sí jù. Ẹ mú téèpù télọ̀ àti ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ fa ìlà rẹ̀ sí ara ògiri. Mona Lisa, tí wọ́n yà sí ara pákó, kò ju sẹ̀ǹtímítà 77 ní gíga àti 53 ní fífẹ̀ lọ. Ti Vermeer tilẹ̀ kéré sí i, sẹ̀ǹtímítà 44.5 sí 39. Ní ti Guernica, tí Pablo Picasso yà lọ́dún 1937 lẹ́yìn tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ìlú tí ń jẹ́ orúkọ yẹn ní Sípéènì, ògiri ọgbà ni kí ẹ lọ, nítorí ó fẹ̀ tó mítà 7.77. Mùsíọ́ọ̀mù Reina Sofía ní Madrid ló wà. Ẹ dúró níwájú ìlà ṣọ́ọ̀kì yín pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kí ẹ tó máa wo àwọn ènìyàn àti ẹṣin tó ń ké nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ló kan fífẹ àwòrán lójú, kò sì sí èyí tó dára fún ìdánrawò bíi The Night Watch, àwòrán ẹgbẹ́ ológun kan tí Rembrandt yà lọ́dún 1642. Rijksmuseum ní Amsterdam gbé fọ́tò rẹ̀ tó ní píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) bílíọ̀nù 717 jáde lọ́dún 2022. Kò ní jẹ dátà yín tán, nítorí ibi tí ẹ bá fẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Ẹ wá ọmọbìnrin aláṣọ yẹ́lò tó so adìyẹ mọ́ ìgbànú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òjìji ọwọ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ ológun náà, bó ṣe bọ́ sí ara ẹ̀wù igbákejì rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán ni, fáníìṣì tó dúdú ló sọ ọ́ di ti òru lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí ẹ bá rí i pé apá òsì kò fẹjú tó, ojú yín kò tàn yín: wọ́n gé etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lọ́dún 1715 kí ó lè gba ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sí, apá òsì ni wọ́n sì gé jù. Ẹ̀dà kékeré tí Gerrit Lundens ti yà ṣáájú ló fi ohun tó sọnù hàn. Ẹ ṣí méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n wéra.

Ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fẹ àárín àwòrán Arnolfini ti Jan van Eyck. Dígí kan wà lẹ́yìn tọkọtaya náà, àwọn méjì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sì hàn nínú rẹ̀. Lókè dígí, ayàwòrán kọ ọ́ ní èdè Látìn pé òun wà níbẹ̀ lọ́dún 1434.

Iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé gbé kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é, ará Òṣogbo kò sì ní ṣàì mọ irú rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò lè gbé àwọn ère ńlá tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa mọ sínú igbó Ọ̀ṣun lọ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni The Last Supper ti Leonardo, tó wà lára ògiri yàrá ìjẹun àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní Santa Maria delle Grazie ní ìlú Milan. Ẹ wá fọ́tò tó fi gbogbo yàrá náà hàn. Ara ògiri gbígbẹ ni ó kùn ún sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀dà rẹ̀ fi tètè ń bó.

Ohun tí fóònù kò lè fi hàn dáadáa ni bí ọ̀dà ṣe nípọn, pàápàá nínú iṣẹ́ Van Gogh. Ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan ní Òṣogbo, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán dípò iwájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ Jimoh Buraimoh tó to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán, ó tún dára jù. Bí ìrìn àjò bá sì wá ṣeé ṣe, ọ̀fẹ́ ni wíwọ National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, Louvre kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó bá sì ń lọ wo ti Milan gbọ́dọ̀ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, nítorí ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n ń fún àwọn àlejò nínú yàrá náà.